Orí Keje: Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Tó Ń Gbóná, Tó sì Ń Gan

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, àwọn òṣìṣẹ́ Tom's Hardware, ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì tó gbajúmọ̀ láàárín àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, dán ohun kan wò tí ẹni tó fowó ara rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà kò ní dán wò láé. Wọ́n mú oríṣi prósẹ́sọ̀ mẹ́rin, wọ́n fi eré Quake III sí wọn lórí kí iṣẹ́ lè wọ̀ wọ́n lára, wọ́n sì ṣí irin tí ń fa ooru kúrò lórí wọn nígbà tí eré ṣì ń lọ lọ́wọ́. Pentium 4 kò kú. Eré tó ń sáré tẹ́lẹ̀ kàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀ ni, nígbà tí wọ́n sì dá irin náà padà, ó tún gbéra sọ. Pentium III gan pa: àwòrán dúró lójú kan, kò dá bọ́tìnì kankan lóhùn mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún un tàn, ó jí. Athlon méjì tí ilé-iṣẹ́ AMD ṣe ló ṣègbé. Ooru èyí tó yára jù nínú méjèèjì kọjá dígírì 300 kí ẹnikẹ́ni tó lè ṣe nǹkan kan, èéfín sì rú.

Ìwà àwọn mẹ́rin yìí ló yẹ kí ẹni tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ ń yọ lẹ́nu kọ́kọ́ rò kí ó tó fọwọ́ kan sùkúrù kankan. Láti ìgbà náà, àwọn tó ń ṣe prósẹ́sọ̀ ti rí i dájú pé ohun tí ń wọn ooru wà nínú rẹ̀ gan-an. Ó wà nínú Core 2 Duo tó jáde lọ́dún 2006, ó wà nínú Core i3 àti i5 tó tẹ̀lé e, irú wọn sì wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ṣì wà ní ọ́fíìsì àti ṣọ́ọ̀bù onítáìpù títí di òní. Bí ooru bá ti ń sún mọ́ dígírì 100, prósẹ́sọ̀ á dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀. Bí ooru bá tún ń gòkè, á pa ara rẹ̀ kí ó má baà jóná. Kọ̀ǹpútà tí ooru prósẹ́sọ̀ ń bá jà, yálà kí ó máa falẹ̀, tàbí kí ó kú fin lójijì. Ṣùgbọ́n tí àwòrán bá dúró gbagidi, tí máòsì kò mira, tí orin tó ń lọ há sórí ìró kan ṣoṣo tí kò dẹwọ́, ohun mìíràn ló sábà máa ń fà á.

Síbẹ̀, “ó ń gbóná ni” ni ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu gbogbo èèyàn. Wọ́n á ṣí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀, wọ́n á gbé fáànù onídùúró kọjú sí i, wọ́n á ra fáànù kejì. Ọ̀sẹ̀ kan kò ní kọjá kí ó tó tún háńgì. Owó ti lọ, eruku sì ti rí ọ̀nà tó gbòòrò gbà wọlé. Ìwà tí kọ̀ǹpútà hù nígbà tó dúró, àti àkókò tó hù ú, ló yẹ kí èèyàn kọ sílẹ̀ ná.

Ká kọ́kọ́ sọ ti ooru, torí ó rọrùn jù láti wọ̀n, ó sì rọrùn jù láti tún ṣe.

Gbogbo iná tí prósẹ́sọ̀ bá jẹ ló ń di ooru. Pentium 4 tó gbóná jù nínú àwọn tó jáde ní ọdún 2004 lè tú ooru wáàtì 115 jáde, láti ara nǹkan pẹlẹbẹ kékeré kan tí kò fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò. Ooru yìí wà lára ohun tó mú kí Intel, ilé-iṣẹ́ tó ṣe Pentium, fi ọ̀nà tó gbà ń ṣe é sílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn Core 2 Duo tó jáde lọ́dún méjì lẹ́yìn rẹ̀ kò kọjá wáàtì 65. Irin onípele-pele tí àwọn atúnkọ̀ǹpútàṣe ń pè ní heatsink ló ń gba ooru náà, fáànù orí rẹ̀ á sì fẹ́ ẹ sínú afẹ́fẹ́. Kò sí fáànù tó lè mú prósẹ́sọ̀ tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ. Heatsink tó mọ́ tónítóní lè jẹ́ kí ooru fi ìdajì dígírì lé lórí wáàtì kọ̀ọ̀kan. Fún wáàtì 65, ìyẹn jẹ́ bíi dígírì 32 lórí ooru afẹ́fẹ́ inú àpótí kọ̀ǹpútà. Nínú ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ ní dígírì 22, prósẹ́sọ̀ kò ní kọjá 60 tàbí díẹ̀ lé. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà kan náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù onípáànù kan ní Abẹ́òkúta lọ́sàn-án oṣù Kẹta, níbi tí yàrá ti wà ní dígírì 34, tí inú àpótí sì fi bíi méje gbóná ju yàrá lọ: ó ti di 73. Nǹkan kan kò tíì bàjẹ́ o. Bí eruku bá wá sọ agbára heatsink yẹn di ìdajì, ìṣirò á kọjá 100, prósẹ́sọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà tó ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọdún mẹ́rin ní Amẹ́ríkà fi lè bẹ̀rẹ̀ ìyọnu lọ́dún tó dé ilẹ̀ Yorùbá.

Eruku ọyẹ́ kì í ṣe kékeré. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ń pè ní Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, ó sì kúnná débi pé ó ń gba inú nẹ́ẹ̀tì fèrèsé kọjá láìdúró. Èéfín jẹnẹrétọ̀ tún máa ń fi ọ̀rá díẹ̀ sí i, òun ló ń jẹ́ kí ó lẹ̀ mọ́ ara irin. Ẹni tó bá ṣí kọ̀ǹpútà á rí eruku lórí apá fáànù, á fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, á sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Èyí tó ń pa kọ̀ǹpútà kò sí níbẹ̀. Ó wà lábẹ́ fáànù, láàárín òun àti heatsink, níbi tí ojú kò tó. Bí wọ́n bá tú fáànù náà kúrò, wọ́n á rí i pé eruku ti hun ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ irun àti òwú, ó ti di tìmùtìmù eérú kan tó bo ẹnu gbogbo àlàfo irin náà. Fáànù ń yí, ariwo rẹ̀ ń dún, afẹ́fẹ́ kankan kò sì kọjá.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀, kí wọ́n yọ okùn iná, kí wọ́n tẹ bọ́tìnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá bíi mẹ́wàá kí iná tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ lè tán, kí wọ́n sì fọwọ́ kan irin àpótí náà. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń fi bulówà fẹ́ ẹ, kì í ṣe inú yàrá tí eruku náà á tún ti padà wọlé. Kí wọ́n fi ìka kan di apá fáànù mú kí ó má baà yí nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ ẹ, torí pé bulówà lè mú kí ó yí kọjá agbára rẹ̀, kí ibi tó ń yí lé lórí sì bàjẹ́. Páwà pákì, àpótí tí ń pèsè iná fún kọ̀ǹpútà, nìkan ni kí wọ́n má ṣe tú. Kapásítọ̀ inú rẹ̀ lè gbé iná tó lé ní fóltì 300 pamọ́ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ okùn, iná yìí sì ń pa èèyàn. Láti ẹnu ihò rẹ̀ lóde ni kí wọ́n ti fẹ́ eruku rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ heatsink Intel láti ọdún 2004 wá ló ní ẹsẹ̀ ike mẹ́rin, ibẹ̀ sì ni àbùkù mìíràn máa ń fara pamọ́ sí. Àti tú u àti dè é padà kò le: kí wọ́n yí orí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí apá tí ọfà orí rẹ̀ kọjú sí, kí wọ́n sì fà á sókè. Tí wọ́n bá fẹ́ dá a padà, wọ́n á kọ́kọ́ yí orí ẹsẹ̀ náà padà sí ipò rẹ̀, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dún “kọ́”, ẹsẹ̀ kan àti èyí tó dojú kọ ọ́ ní igun kejì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń yẹ ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù wò láti rí i pé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ jáde dáadáa. Ẹsẹ̀ kan péré tí kò wọlé tó láti mú kí heatsink gbé ìdí sókè níhà kan. Ojú lásán lè máà rí àlàfo náà, prósẹ́sọ̀ á sì máa gbóná bí ẹni pé kò sí nǹkan lórí rẹ̀. Ìrìn-àjò ọkọ̀ láti èbúté dé ọjà tó láti fa ẹsẹ̀ kan yọ.

Ìgbàkígbà tí wọ́n bá sì ṣí heatsink, àfi kí wọ́n pààrọ̀ thermal paste tó wà láàárín òun àti prósẹ́sọ̀. Iṣẹ́ paste yìí ni láti lé afẹ́fẹ́ kúrò láàárín irin méjèèjì, torí pé alumíníọ̀mù ń gbé ooru kọjá ní ìlọ́po tó ju 8,000 lọ ju bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé e. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó máa ń gbẹ, á di funfun, á máa rún bí wọ́n bá fi èékánná họ ọ́. Kí wọ́n fi isopropyl alcohol àti aṣọ tí kò tú òwú nù ún kúrò lójú méjèèjì, kí wọ́n sì kán tuntun sí àárín. Kò gbọ́dọ̀ ju hóró ẹ̀wà kékeré kan lọ. Àwọn kan máa ń rẹ́ ẹ nípọn bí ẹni ń rẹ́ ilé. Paste tó bá nípọn máa ń dí ooru lọ́nà ni.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n wọn ooru náà. Ètò kọ̀ǹpútà bíi Core Temp àti HWMonitor wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún iṣẹ́ yìí. Dígírì 40 sí 55 nígbà tí kọ̀ǹpútà kò ṣe nǹkan kan, àti bíi 80 nígbà tí iṣẹ́ pọ̀, kò burú ní ilẹ̀ olóoru. Bí ó bá ń kọjá 90, iṣẹ́ ṣì kù. Bí ó bá wà ní 60 tó sì tún gan, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ooru prósẹ́sọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n wá nǹkan mìíràn lọ.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò gba irinṣẹ́ kankan. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá gan, kí wọ́n tẹ Caps Lock, kí wọ́n sì wo iná kékeré orí kíbọ́ọ̀dù. Bí iná náà bá ń tàn tó sì ń kú bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ náà ṣì wà láàyè: ó ń dúró de nǹkan ni, háàdì-dísíkì ló sì sábà máa ń jẹ́. Bí iná náà kò bá mira rárá, àbùkù wà níbi tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ: RAM, bọ́ọ̀dù, tàbí iná tí páwà pákì ń pèsè.

Ọ̀rọ̀ iná gba sùúrù púpọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó wà nígboro jẹ́ tòkunbọ̀. Ní ọdún 2005, àjọ Basel Action Network ti Amẹ́ríkà wá wo bí wọ́n ṣe ń wọlé ní èbúté Èkó, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn pé nǹkan bí àpótí ńlá 500 tí ẹ̀rọ àlòkù kún inú rẹ̀ ló ń wọlé lóṣooṣù, àti pé àwọn oníṣòwò sọ pé ohun tí kò ṣeé tún ṣe lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹrù náà. Èyí tó bá wá láti Amẹ́ríkà tó sì yè nínú wọn ti lo ọdún púpọ̀ lórí iná fóltì 120 kí ó tó bá 230 pàdé. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ páwà pákì àtijọ́, bọ́tìnì pupa kékeré kan wà tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí lára. Bí bọ́tìnì yìí bá ṣì wà lórí 115, ẹni tó bá ra tòkunbọ̀ tí kò wò ó kí ó tó kì í bọ iná á gbọ́ ìró “gbà!”, páwà pákì á sì ti lọ.

Èyí tí kò bú gbàù lè máa kú díẹ̀díẹ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà kan wà tó jẹ́ pé alẹ́ nìkan ni wọ́n ń gan, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá tan iná tí iná ìjọba sì rẹlẹ̀. Àwọn mìíràn ń gan nígbà tí wọ́n bá yí sí jẹnẹrétọ̀, tàbí nígbà tí fíríìjì inú yàrá kejì bá gbéra. Kí ẹni tó ni ín kọ àkókò rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, á rí i bóyá wákàtí iná ni gígan náà ń tẹ̀ lé. Nínú àwọn okùn tó jáde láti ara páwà pákì, èyí tó yẹ kó gbé fóltì 12 kò gbọ́dọ̀ wá sílẹ̀ ju 11.4 lọ, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 12.6. Ojú ìwé BIOS máa ń fi nọ́ńbà yìí hàn, ṣùgbọ́n mítà tó dára ló ṣeé gbára lé jù. Páwà pákì mìíràn tó dájú, tí wọ́n yá fún ọjọ́ méjì, á sọ òtítọ́ ju àbá mẹ́wàá lọ.

Ibi tí ìgbóná àti gígan ti wá pàdé gan-an ni kapásítọ̀ orí bọ́ọ̀dù, àwọn agolo róbótó kéékèèké tó tò yí prósẹ́sọ̀ ká. Iṣẹ́ wọn ni láti mú kí iná tó ń lọ sí prósẹ́sọ̀ dọ́gba, kí ó má máa gòkè kí ó má máa rẹlẹ̀. Omi kẹ́míkà wà nínú wọn, bí ooru ibi tí wọ́n wà bá sì fi dígírì mẹ́wàá lé, ọjọ́ ayé wọn á dín kù sí ìdajì. Kọ̀ǹpútà tí eruku dí fún ọdún mẹ́ta lè má kú nítorí ooru ní ọdún mẹ́ta yẹn. Kapásítọ̀ rẹ̀ ló ń gbẹ. Nígbà tí wọ́n bá wá gbá eruku náà kúrò, kọ̀ǹpútà á tutù, á sì tún máa gan, ọ̀rọ̀ á sì wá rú gbogbo èèyàn lójú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, kapásítọ̀ tí kò dára wọ inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ bọ́ọ̀dù káàkiri àgbáyé. OptiPlex GX270 ti ilé-iṣẹ́ Dell ni àpẹẹrẹ tó lókìkí jù: ní ọdún 2005, Dell ya 300 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ láti fi ṣe àtúnṣe, ìwé ẹjọ́ tó hàn síta lọ́dún 2010 sì sọ̀rọ̀ nípa kọ̀ǹpútà OptiPlex tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 12 tí wọ́n ti tà láàárín ọdún 2003 sí 2005, tí àbùkù yìí lè bá. Ojú la fi ń mọ̀ ọ́n. Orí kapásítọ̀ tó yè máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n sì ya ìlà bíi X tàbí K sí i lórí kí ó lè rí ibi ya tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá pọ̀ jù. Èyí tó ti bàjẹ́ á wú lórí, omi rẹ̀ á jáde lójú ìlà náà, á gbẹ di èépá aláwọ̀ ilẹ̀. Nígbà mìíràn, ìdí rẹ̀ ló máa ń wú, agolo náà á sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká nídìí jíjó irin lè pààrọ̀ wọn, tí wọ́n bá jẹ́ iye kan náà àti fóltì kan náà ó kéré tán, irú èyí tó lè fara da dígírì 105. Owó rẹ̀ kéré gan-an sí ti bọ́ọ̀dù tuntun, ó sì dùn mọ́ni pé irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kò wọ́n ní Computer Village ní Ìkẹjà.

Ti RAM yá ju ìyẹn lọ. Kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi rọ́bà ìpàwérẹ́ nu ojú wúrà rẹ̀, kí wọ́n fẹ́ ihò rẹ̀, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ padà títí ìdè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á fi pa dé. Bí ó bá jẹ́ méjì, kí wọ́n lo ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ètò àyẹ̀wò Memtest86 tó bá ṣiṣẹ́ di òwúrọ̀ tí kò rí àṣìṣe kankan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá RAM láre. Àṣìṣe kan ṣoṣo ti tó láti dá a lẹ́bi.

Háàdì-dísíkì ló le jù nínú gbogbo rẹ̀, torí pé iṣẹ́ èèyàn wà nínú rẹ̀. Àmì rẹ̀ kò jọ ti àwọn yòókù: iná pupa iwájú kọ̀ǹpútà á tàn láìṣẹ́jú, gbogbo nǹkan á dúró fún bí ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ni á tún máa lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Bí ìró “kẹ́, kẹ́, kẹ́” bá ti ń jáde níbẹ̀, kí wọ́n má ṣe àyẹ̀wò kankan mọ́ kí wọ́n tó da fọ́tò, ìwé ìnáwó àti iṣẹ́ oníbàárà kọ sórí nǹkan mìíràn. Àyẹ̀wò ńlá lè jẹ́ iṣẹ́ ìkẹyìn tí dísíkì náà á ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, ètò CrystalDiskInfo á sọ iye ibi tó ti bàjẹ́ lára rẹ̀. Ooru kọ́ ló sábà ń pa á: nígbà tí Google tẹ ìwádìí jáde lọ́dún 2007 lórí háàdì-dísíkì tó lé ní 100,000, wọ́n rí i pé ìgbóná kò fi bẹ́ẹ̀ bá ìkú wọn rìn bí èèyàn ṣe rò, àfi àwọn tó gbóná gan-an tàbí tó ti pẹ́. SSD kékeré tó rọ́pò rẹ̀ máa ń sọ kọ̀ǹpútà àtijọ́ dọ̀tun ju ohunkóhun mìíràn tí owó lè rà fún un.

Windows 10 lórí RAM gigabyte 2 náà máa ń dà bí ẹni tó gan, nígbà tó jẹ́ pé àyè ni kò tó. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. RAM ni kí wọ́n fi kún un.

Ohun kan lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ń pààrọ̀. Ẹni tó pààrọ̀ paste, RAM àti páwà pákì ní ọ̀sán kan náà lè rí ìwòsàn, kò ní mọ ohun tó wò ó sàn, bí àìsàn náà bá sì padà, ìbẹ̀rẹ̀ ló tún wà. Nígbà tí wọ́n bá tún un ṣe tán, kí wọ́n pa ìdérí rẹ̀ dé, torí ọ̀pọ̀ àpótí ni wọ́n ṣe kí afẹ́fẹ́ lè gba iwájú wọlé kí ó sì gba ẹ̀yìn jáde, kí wọ́n gbé e kúrò nílẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fi bí àtẹ́lẹwọ́ kan jìnnà sí ògiri. Kí wọ́n wá jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ ní wákàtí tó máa ń gan tẹ́lẹ̀ gan-an, lórí iná tó máa ń gan lé lórí, kí Core Temp wà lójú kí nọ́ńbà rẹ̀ ṣeé kọ sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìgan ni kí wọ́n rí kí wọ́n tó dá a padà fún ẹni tó ni ín.